Kámẹ́rà Ìsàlẹ̀ Òkun

"Aago yìí ní ó tó gẹ́ẹ́, Ọ̀gá," ni Shaheem wí, ó sì na ọwọ́ òsì rẹ̀ síta kí Wajdee lè fojú ara rẹ̀ rí i. Omi òkun ṣì ń kán lára aṣọ rọ́bà tó wọ̀. Aago dúdú ńlá tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ ń ké ṣáá. "Ó ní mi ò gbọdọ̀ wọ omi mọ́ títí di ọ̀la. Mo lọ yẹ ìṣàn omi wò lẹ́ẹ̀kan, mo bá àwọn àlejò lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mẹta nìyẹn láti ìdájí."

Wajdee kò tilẹ̀ wo aago náà dáadáa. Ó tú u lọ́wọ́ Shaheem, ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó mú òmíràn jáde níbẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dè é mọ́ ọn. Eléyìí dákẹ́ rọ́rọ́. Kò tíì bá ẹnikẹ́ni wọ omi lọ́jọ́ náà, kí ni yóò máa ké sí?

"Èyí ńkọ́? Ṣé òun náà ń sunkún?" Wajdee ń rẹ́rìn-ín. "Ó yá, ọkùnrin mẹ́ta. Kámẹ́rà àlejò ló wà nísàlẹ̀ yẹn, kì í ṣe ìkarahun."

Mausooma wà nídìí ẹ̀rọ tó ń rọ afẹ́fẹ́ sínú sílíńdà, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Òun ni ìyàwó Shaheem, òun náà ló sì ń rọ sílíńdà tí àwọn amòòkùn ilé àlejò yìí ń gbé sẹ́yìn wọ òkun. Kò sí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ aago yẹn ní erékùṣù Fehiboli. Bí èèyàn bá ti ń lọ sísàlẹ̀ tó ń bọ̀ lókè, afẹ́fẹ́ a máa sápamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Aago ló ń ṣírò rẹ̀, òun ló sì ń pariwo nígbà tó bá ti pọ̀ jù. Gbogbo òṣìṣẹ́ Wajdee ló mọ ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀ yẹn pẹ̀lú. Àwọn aláyẹ̀wò ìjọba ti wá lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wo aago, wọ́n rí i pé ó mọ́, wọ́n jẹ ẹja díndín, wọ́n gba àpò ìwé tí owó wà nínú rẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ.

Birgit ló ni kámẹ́rà ọ̀hún, obìnrin òyìnbó kan tí òun àti ọkọ rẹ̀ wá fi ọjọ́ mẹ́wàá sinmi. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni agbo ekurá, ẹja ńlá eléyín mímú, kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nísàlẹ̀. Inú obìnrin náà dùn débi pé ó gbàgbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kámẹ́rà sì já bọ́ sórí òkúta iyùn kan ní mítà méjìlélógójì. Òun fúnra rẹ̀ kò lè padà lọ mú un, nítorí ọkọ̀ òfuurufú ni yóò wọ̀ lọ́sàn-án ọ̀la, ẹni tó bá sì fẹ́ fò gbọ́dọ̀ fi odidi ọjọ́ kan yàgò fún omi. Wajdee ti fi ọ̀dà pupa kọ òfin náà sára ògiri, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìlera yín ló jẹ wá lógún. Ní ti àwọn àlejò, kò fi òfin yẹn ṣeré rí.

Mausooma pa ẹ̀rọ, ó sún mọ́ wọn. "Ẹ jọ̀wọ́, Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ó di ọ̀la. Kámẹ́rà ò lẹ́sẹ̀, kò ní sá lọ."

"Ọ̀la kẹ̀? Aago mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n ń lọ. Mausooma, afẹ́fẹ́ ni mo gbà ọ́ kó o máa rọ, àbí ìmọ̀ràn?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Shaheem náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, irú ẹ̀rín ẹni tí kò fẹ́ kí ìyàwó òun bá ọ̀gá òun jà. "Ìyá Naail, rọ ọ̀kan fún mi," ó wí. "Kò ní pẹ́."

Ó rọ ọ́. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi rọ ọ́, ọwọ́ ara rẹ̀ náà ló sì fi gbé e kọ́ ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn. Amòòkùn tó kọ irú iṣẹ́ báyìí lọ́dún tó kọjá ti di ẹni tó ń ta sìgá ní olú ìlú, Shaheem kò sì ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ ju òkun lọ.

Kò pẹ́ lóòótọ́. Kí wọ́n tó pe ìrun Jímọ̀, ó ti gòkè dé pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́wọ́. Birgit dì mọ́ ọn, àwọn àlejò pàtẹ́wọ́, Wajdee sì ya àwọn méjèèjì ní fọ́tò fún ojú ewé ìpolówó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni gbogbo àlejò wọ ọkọ̀ ojú omi ayára ilé iṣẹ́ náà, Bàbá Easa tó ń wà á sì gbé wọn lọ sí erékùṣù iyanrìn kan láti lọ jẹun, kí wọ́n wo oòrùn tó ń wọ̀ níbẹ̀.

Shaheem kírun, ó sì gba ilé lọ. Nígbà tó jókòó ti róṣì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, àti omi ẹja, kò lè gbé ọwọ́ ọ̀tún dé ẹnu.

"Èjìká ń dùn mí," ó wí.

Ní Fehiboli, bí èjìká amòòkùn bá ń dùn ún, sílíńdà ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi. Ìyàwó a sì gbé òróró àgbọn kaná. Ohun tí ìyá Mausooma máa ń ṣe fún bàbá rẹ̀ nìyẹn, òun náà sì ni Mausooma ṣe. Odidi wákàtí kan ló fi wọ́ èjìká náà, ó ń bú Wajdee bó ṣe ń wọ́ ọ lọ, Shaheem sì ń bẹ̀ ẹ́ kó rọra, kí àwọn aládùúgbò má gbọ́. Bí ọkùnrin yìí ṣe rí nìyẹn. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn fún Shaheem?

"Ìyá Naail, ẹsẹ̀ mi ti sùn."

"Nà án, á jí."

"Ó ti pẹ́ tó ti ń sùn." Ó fọwọ́ kan abẹ́ ikùn rẹ̀. "Ìtọ̀ sì ń gbọ̀n mí láti ìgbà tí mo ti kírun dé. Kò jáde."

Mausooma jẹ́ kí abọ́ òróró bọ́ sílẹ̀. Sílíńdà kì í dun èèyàn débi tí kò fi ní lè tọ̀. Ó mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ti rí i lára àwọn tó ń mòòkùn kó ẹ̀dá omi tí wọ́n ń pè ní kùkúńbà òkun tà láyé àtijọ́, àwọn tó ń fi ọwọ́ rìn títí wọ́n fi kú. Ó sì mọ̀ pé yàrá irin kan wà ní erékùṣù ńlá, níbi tí wọ́n ti ń fi afẹ́fẹ́ tẹ ẹ̀jẹ̀ irú èèyàn bẹ́ẹ̀ padà sípò, bí wọ́n bá tètè gbé e dé. Ọkọ̀ ayára ń fi wákàtí méjì débẹ̀. Ó sáré jáde láìwọ bàtà.

Wajdee wà ní ọ́fíìsì, ó ń jẹ àdídùn àgbọn tí wọ́n fi ewé dì.

"Ọ̀gá, ẹ fi rédíò pe Bàbá Easa kó gbé ọkọ̀ bọ̀. Ẹsẹ̀ Shaheem ti kú."

"Kú bí ti báwo? Ǹjẹ́ ó ti sùn? Ó ti mu omi?"

"Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni!"

"Rọra, rọra." Ó nu ètè rẹ̀. "Àwọn àlejò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tí wọ́n ń lọ ni. Kí n ní kí wọ́n ká oúnjẹ kúrò níwájú wọn? Lọ́jọ́ tí wọ́n lò kẹ́yìn? Bí oòrùn bá ti wọ̀, wọ́n á dé, a ó sì gbé e lọ."

"Wákàtí mẹ́rin nìyẹn!"

"Wọ ọkọ̀ èrò, nígbà náà."

Àwàdà ni. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ọkọ̀ èrò kì í sì í rìn lọ́jọ́ Jímọ̀, gbogbo ọmọdé Fehiboli ló mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ apẹja kan ṣoṣo tó wà létíkun, wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀ sórí iyanrìn. Mausooma kò bá a rẹ́rìn-ín.

"Ẹ fún mi ní ọ́síjìn, ó kéré tán. Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ àpótí."

Wajdee wo àpótí àwọ̀ ewé tó wà ní igun yàrá, èyí tí wọ́n máa ń fi han gbogbo àlejò lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ dé. Kò dìde. Mausooma fúnra rẹ̀ ló já kọ́kọ́rọ́ lára ìṣó, tó ṣí i, tó wo ojú ìwọ̀n tó wà lórí sílíńdà náà. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà lórí òdo.

"Wọ́n ń bọ̀ wá rọ ọ́ lóṣù tó ń bọ̀," ni Wajdee wí.

Mausooma kò mọ ìgbà tó ju àgádágodo mọ́ ọn. Ó bà á ní àyà, ó sì dùn ún pé kò bà á lójú. Ó fi fóònù ara rẹ̀ pe Bàbá Easa lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n fóònù kì í wọlé ní erékùṣù iyanrìn yẹn. Ó padà sílé, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀, ó sì ń fi èékánná fa ilà láti orókùn rẹ̀ lọ sókè, ó ń bi í pé ṣé ó mọ èyí lára, ṣé ó mọ èyí lára. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti fa ilà dé ìdodo kí Shaheem tó dáhùn pé òun mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ̀yìn ìrun Màgáríbà ni ọkọ̀ dé. Àwọn aládùúgbò mẹ́rin ti fi ẹní gbé Shaheem dé etí èbúté, wọ́n sì ń dúró. Birgit sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú òdòdó nínú irun. Ó rí ẹni tó wà lórí ẹní, ó sì dúró gbagidi.

"Kí ló ṣe é?"

"Kámẹ́rà yín ni," Mausooma dá a lóhùn.

Ojú obìnrin náà funfun. "Ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀! Mo sọ fún ọ̀gá yín. Mo ti ṣe ìwé adójútòfò lé e lórí, tuntun ni wọn ìbá rà fún mi."

Wajdee ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un pé oúnjẹ alẹ́ ti délẹ̀, pé gbogbo nǹkan wà lábẹ́ àkóso, ó sì fọwọ́ mú un ní ìgbọ̀nwọ́ títí ó fi wọ ọgbà. Nígbà tó padà dé, ìwé kan àti bírò ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wọ́n á béèrè lọ́hùn-ún bó ṣe ṣẹlẹ̀," ó wí. "Èyí máa jẹ́ kó yá. Fọwọ́ sí i, kí ọkọ̀ máa lọ."

Mausooma kà á lábẹ́ iná èbúté. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ọjọ́ ìsinmi Shaheem ni ọjọ́ náà, pé ó yọ́ wọ òkun lọ kó ọ̀kàṣà fún ara rẹ̀, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

"Má fọwọ́ sí i," Shaheem wí láti orí ẹní. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó kọ nǹkan kan níwájú ọ̀gá rẹ̀.

"Bí kò bá fọwọ́ sí i, epo inú ọkọ̀ yẹn ò tó," ni Wajdee wí. "Ó di ìgbà tí mo bá wá epo."

"Wajdee!" Bàbá Easa lọgun láti inú ọkọ̀. "Epo wà ńbí! Ṣé o ò lójú àánú ni?"

"Ìwọ lo ni ọkọ̀ ni, bàbá? Ọkọ̀ mi, kọ́kọ́rọ́ mi."

Lóòótọ́, kọ́kọ́rọ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti gbà á kí àwọn àlejò tó sọ̀ kalẹ̀ tán. Mausooma gba bírò. Ó fọwọ́ sí i débi pé bírò lu ìwé já, ó sì jù ú padà sí i láyà. "Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọmọ tìrẹ náà dúró ní èbúté," ó wí, àwọn tó gbé ẹní sì gbé e wọ ọkọ̀ bí ẹni tí kò gbọ́.

Ilẹ̀ ti mọ́ kí wọ́n tó gbé Shaheem jáde nínú yàrá irin. Dókítà tó gbà á, obìnrin tó ti tó ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ orí, dúró ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

"Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló mòòkùn. Aago ọwọ́ rẹ̀ náà ní bẹ́ẹ̀."

"Irọ́ ni, mà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni. Èmi ni mo rọ afẹ́fẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

"Ìgbà wo ni ìrora bẹ̀rẹ̀?"

"Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀."

"Ẹ wá wọ ọkọ̀ nígbà wo?"

"Lẹ́yìn Màgáríbà."

Dókítà tún wo ìsàlẹ̀ ìwé náà. "Ta ló fọwọ́ sí èyí?"

"Èmi ni, mà."

"Màá fi abẹ́rẹ́ yẹ ẹsẹ̀ rẹ wò," ni Dókítà sọ fún Shaheem. Ó fi ìwé sílẹ̀, ó mú abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan, ó sì ṣí aṣọ kúrò lẹ́sẹ̀ Shaheem. Shaheem kọjú sí àjà. Ó ti wẹ̀, ó ti sùn díẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń dán bí ti ẹni tó ní ìrètí. Dókítà gún àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún, ó gún ti òsì. Ó gún ọrùn ẹsẹ̀, ó gún orókùn, ó gún itan méjèèjì, ẹ̀jẹ̀ kékeré sì ń yọ níbi kọ̀ọ̀kan tó gún. Mausooma fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu ara rẹ̀.

"Mà," Shaheem fi ọ̀wọ̀ wí, ojú rẹ̀ ṣì wà lókè, "ara mi ti balẹ̀. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀."