Abúlé Oníkọ́kọ́rọ́ Méjì

Ẹ̀rọ náà ń mí. Hẹ̀ẹ̀, hẹ̀ẹ̀, hẹ̀ẹ̀, bí àgbàlagbà tó gun òkè dé tí kò tíì ríbi jókòó. Iná pupa kékeré kan ń ṣẹ́jú lójú rẹ̀, lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n á nù ún lónìí, eruku á padà lọ́la. Ọdún kẹtàlá rèé tó ti wà lórí tábìlì yìí ní Ìkirè, kò sì tíì kú.

Ìbíyẹmí jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó gbé páàdì géèmù kan lé itan. Páàdì kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ẹní, níbi tí ẹnì kejì máa ń jókòó sí. Ó ti nù ún mọ́ tónítóní. Ó mọ̀ pé àbúrò ọkọ òun tó wà ní òkè òkun kò lè fọwọ́ kan páàdì tó wà ní Ìkirè, ó ṣáà nù ún.

Aago mẹ́ta ààbọ̀ ni, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Òjò tó ti ń ṣú láti àárọ̀ kò rọ̀, kò sì lọ. Bí aago mẹ́rin bá ti lù, àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yìí yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ti ń kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n, pẹ̀lú ẹ̀rín àti ọpẹ́ rẹpẹtẹ: ìran ẹ̀rọ tuntun ti dé, ìran àtijọ́ fẹ́ lọ sinmi, ẹ ṣeun tí ẹ bá wa ṣeré. Ẹ ò rí i, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń tì síta.

Ayé ń lọ, à ń tọ̀ ọ́, làwọn àgbà wí. Wọn ò sọ ti ẹni tí ayé fi sílẹ̀ níbi tó ti ń wá bàtà rẹ̀.

Ìwọ tí ò ń kà á, fara balẹ̀. Nígbà tí Ìbíyẹmí wọ ilé ọkọ, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni àbúrò ọkọ rẹ̀. Ìyàwó kì í sì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ọkọ rẹ̀ ni. Ìyàwó ló máa wá orúkọ mìíràn fún un, orúkọ ìkẹ́, orúkọ àpọ́nlé. Eyín ọmọ náà funfun, ó sì máa ń fi í rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀, ni Ìbíyẹmí bá sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó.

Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ wà níbẹ̀, gbogbo àdúgbò ló ń pè é. Kò gba ẹnu Ìbíyẹmí kọjá rí, láti ọdún mẹ́tàlá wá. Níwọ̀n ìgbà tí òun kò pè é, àwa náà kò ní í pè é ṣáájú rẹ̀.

Bọ́ọ̀lù ni Eyínfúnjowó kọ́kọ́ kọ́ ọ. Ọkọ Ìbíyẹmí ń wa ọkọ̀ àjàgbé lọ sí Òkè Ọya, ó lè lo ọ̀sẹ̀ méjì kó tó wálé. Òun ló ra ẹ̀rọ géèmù náà bọ̀ láti Èkó, ó ní kí ìyàwó òun àti àbúrò òun fi pa ìrònú rẹ́. Gólù márùn-ún sí òdo. Gólù mẹ́fà sí òdo. Ọmọ náà ń lù ú, ó ń fi eyín funfun rẹ́rìn-ín, títí ìyàwó fi mọ bọ́ọ̀lù gbá. Lọ́jọ́ tí Ìbíyẹmí fi pẹnáritì lu òun náà, ọmọ náà kò jẹ ẹ̀bà alẹ́. Ó ní inú ń run òun.

Lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, ìjà. Nínú géèmù ìjà yẹn, arúgbó obìnrin kan wà tó ń fi ọ̀pá jà, òun ni Ìbíyẹmí máa ń mú. Bí ọ̀pá bá ti bà á, ọmọ á kígbe, ìyàwó á kígbe, ìyá ọkọ náà á kígbe láti ẹ̀yìnkùlé, pé ṣé kò síṣẹ́ nílé yìí ni?

Lẹ́yìn ìjà, abúlé.

Abúlé yìí ni kí o fi sọ́kàn. Nínú géèmù náà, ilẹ̀ gbalasa ni wọ́n fún wọn, kò sí igi, kò sí omi. Àwọn méjèèjì ló la odò. Àwọn méjèèjì ló kọ́ ilé mẹ́rìnlá, tí wọ́n gbin àgbàdo, tí wọ́n tẹ́ afárá, tí wọ́n mọ ọgbà yí i ká. Oòrùn ń là níbẹ̀, oòrùn ń wọ̀ níbẹ̀, bí wọ́n wà nílé, bí wọn ò sí nílé. Eyínfúnjowó sì fi kọ́kọ́rọ́ méjì sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ọ̀kan tirẹ̀, ọ̀kan ti ìyàwó, ẹni tó ni ín nìkan ló sì lè ṣí i. Ẹnì kan kò lè dá wọlé. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má baà wọlé lọ ba iṣẹ́ ẹnì kejì jẹ́ ni. Ọgbọ́n ọmọdé.

Abúlé náà kò sì sí nínú ẹ̀rọ tó wà ní Ìkirè. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é ló wà, lókè òkun, nínú àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tí ojú Ìbíyẹmí kò rí rí. Tirẹ̀ kàn jẹ́ ọ̀nà tó ń gbà dé ibẹ̀. Ọ̀nà náà ni wọ́n fẹ́ dí lónìí.

Lọ́dún kẹrin tó délé ọkọ, Ìbíyẹmí bímọ. Ọmọbìnrin ni. Ọjọ́ mẹ́fà ló lò láyé. Ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ.

Àwọn àgbà ilé gbé e jáde. Òbí kì í tẹ̀lé òkú ọmọ, òbí kì í mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, bí wọ́n sì ṣe ṣe é nìyẹn. Wọ́n ní kó nu ojú rẹ̀ nù, omi ló dànù, agbè ò fọ́. Láti ọjọ́ náà títí di ọ̀sán òní, agbè kò tún rí omi pọn.

Lọ́sẹ̀ kẹta, Eyínfúnjowó pè é wá síwájú tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà yẹn. Kò rẹ́rìn-ín. Ó rin abúlé náà já, ó kọjá odò, ó kọjá oko àgbàdo, ó dúró níwájú ilé kékeré kan tí Ìbíyẹmí kò mọ ìgbà tó kọ́ ọ. Kọ́kọ́rọ́ méjì kò tíì sí lẹ́nu ọ̀nà nígbà yẹn. Ilẹ̀kùn kan. Fèrèsé kan. Igi olódòdó kan. Ó kọ orúkọ sára ilẹ̀kùn, láìsí àmì kankan, nítorí ẹ̀rọ òyìnbó kò mọ àmì ohùn. Ìbíyẹmí fi àmì sí i fúnra rẹ̀, nínú ọkàn. Oyèníkẹ̀ẹ́.

Ọmọ tí ilé kò sọ lórúkọ, ọmọdé ló sọ ọ́ lórúkọ. Ọmọ tí wọ́n fi ibojì rẹ̀ pa mọ́ fún ìyá, ọmọdé ló kọ́lé fún un. Ẹ sọ fún mi, ta ló tún ṣe oore tó tó bẹ́ẹ̀ fún un nínú ilé náà? Kò sí. Ohun tó jẹ́ kí ti òní yìí korò gan-an nìyẹn.

Kò là á lẹ́nu rí. Ọdún kẹsàn-án rèé, nígbàkúùgbà tí ẹnu ọ̀nà bá ṣí, tó ń lọ síwájú ilẹ̀kùn náà, tó ń wo orúkọ náà, tó ń gbé e mì. Ẹ̀rù ń bà á kí àwọn àgbà má gbọ́ pé ó ń pe ọmọ tó ti lọ. Lónìí ló pinnu. Lónìí tí wọ́n fẹ́ pa abúlé rẹ́, yóò dúró níwájú ilé kékeré yẹn, yóò la ẹnu, yóò pe ọmọ rẹ̀ lórúkọ lẹ́ẹ̀kan péré. Láti àárọ̀ ló ti tọ́jú orúkọ náà sẹ́nu. Kò fi bẹ́ẹ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kó má baà yọ́ jáde.

Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ méjì ni.

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni Eyínfúnjowó lọ kàwé lókè òkun. Lọ́dún àkọ́kọ́, gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń wá. Aago mẹ́ta ààbọ̀ bá ti lù, orúkọ rẹ̀ á tàn lójú tẹlifíṣọ̀n, Eyínfúnjowó, orúkọ tí ìyàwó sọ ọ́ ló ń jẹ́ níbẹ̀. Wọ́n á ṣí ẹnu ọ̀nà pọ̀, wọ́n á ya àgbàdo, wọ́n á rin títí dé ilé kékeré, wọ́n á dúró díẹ̀. Lọ́dún kejì ó di oṣooṣù. Lẹ́yìn náà ó ra ẹ̀rọ ìran tuntun, kò sì wá mọ́. Ojú tó ti rí òkun, kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìbíyẹmí fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i, èsì sì dé lọ́jọ́ kejì. Ó ní ìyàwó wa, ẹ má dààmú, ẹ̀rọ mi àtijọ́ ṣì wà lábẹ́ ibùsùn, ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́ta ààbọ̀, màá wà níbẹ̀. Ìbíyẹmí ka èsì náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó sì gbà á gbọ́.

Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú. Kò sí ẹnikẹ́ni.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Tíín.

Inú rẹ̀ dùn, ká má purọ́. Àwòrán rẹ̀ ló tàn yẹn, eyín rẹ̀ náà ló funfun yẹn. Ó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Lábẹ́ eyín yẹn, Eyínfúnjowó kò sí mọ́. Ó ti yọ ọ́. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ló fi rọ́pò, orúkọ tí gbogbo àdúgbò ń pè, èyí tí kò gba ẹnu Ìbíyẹmí kọjá rí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà ni wọ́n kọ ohun tó ń ṣe: ó ń fi géèmù tuntun kan ṣeré lórí ẹ̀rọ tuntun, òun àti ọ̀rẹ́ mẹ́rin.

Ó fi ìpè ránṣẹ́ sí i. Ó ní bóyá ó kàn ń parí èyí tó wà lọ́wọ́ ni.

Ó rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà abúlé, ó ṣí kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ó yí. Ó ku ọ̀kan. Bí ó bá dúró ní igun ọgbà lápá òsì, ó ń rí omi odò tó ń ṣàn, ó ń rí orí àgbàdo, ó ń rí ṣóńṣó òrùlé ilé kékeré. Òrùlé náà nìkan. Ó tún fi ìpè kejì ránṣẹ́.

Ó wo fóònù. Fóònù yìí ló fi ń fún ẹ̀rọ ní dátà. Bí ó bá fi pe Eyínfúnjowó, dátà lè já, bí dátà bá já, ó lè má padà kí aago mẹ́rin tó lù. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó rọra gbé e, bí ẹni tó gbé ẹyin.

Ìpè kẹta. Ní tòótọ́, èsì dé lójú ẹsẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n kọ ọ́ gàdàgbà: ẹni yìí kò fẹ́ kí a dí òun lọ́wọ́.

Kì í ṣe ẹ̀rọ ló ń dá irú èsì bẹ́ẹ̀ fọ̀. Ènìyàn ló ń tẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú ìka ọwọ́ rẹ̀. Ìbíyẹmí mọ̀, nítorí Eyínfúnjowó fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, nígbà tí àwọn àjèjì kan ń yọ wọ́n lẹ́nu nínú géèmù bọ́ọ̀lù. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá ń dà yín láàmú, ìyàwó wa, ẹ tẹ ibí yìí, wọ́n á fi yín sílẹ̀.

Ó wá àwáwí fún un. Ó ní ọwọ́ rẹ̀ ló ṣì í tẹ̀. Ó ní aago tiwọn kì í ṣe aago tiwa. Ó ní ó ti gbàgbé ohun tó wà nínú abúlé náà ni. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí dùn ún ju ìyókù lọ, nítorí òun ló jọ òótọ́. Ohun tó mú un kì í ṣe ẹkún. Ìbínú ni.

Ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó dúró ní igun ọgbà, ó ń wo òrùlé. Ku méjì. Nínú abúlé, oòrùn ń wọ̀, ó kun òrùlé náà ní pupa. Ku ọ̀kan.

Odò dúró. Àgbàdo tó ń fì dúró. Ojú tẹlifíṣọ̀n ṣú, lẹ́tà funfun sì jáde lórí rẹ̀, wọ́n tún ń dúpẹ́.

Ìbíyẹmí mú páàdì kejì nílẹ̀, ó gbé e lé páàdì tirẹ̀ lórí itan. Ó la ẹnu. Orúkọ kan ló tọ́jú síbẹ̀ láti àárọ̀. Òmíràn ló jáde.

Oyèdìran.

Ó pè é kedere, láìfi ohunkóhun pọ́n ọn lé, bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ tí a kò bá tan.

Ìyá ọkọ rẹ̀ gbọ́ orúkọ náà láti ẹ̀yìnkùlé. Kò mọ̀ pé ìyàwó ló pè é, ta ni yóò gbà bẹ́ẹ̀ gbọ́? Ohùn rẹ̀ yọ̀ bó ṣe ń béèrè pé ta ló ń pe ọmọ òun yẹn, ṣé ó ti dé ni?

Iná pupa ń ṣẹ́jú. Ẹ̀rọ náà ń mí. Hẹ̀ẹ̀, hẹ̀ẹ̀, hẹ̀ẹ̀.