Òdòdó Orí Ìgbọ̀nwọ́ Màmá

Àǹtí Àgbà jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń fi àwọn fọ́tò ìrìn-àjò ẹbí ṣe ojú-ewé ìrántí fún Màmá. Bí ẹ bá rí bó ṣe yọ ètè síta, ẹ ó rò pé òun ló gbé Màmá pọ̀n lọ sí etí òkun. Òun kẹ̀! Ẹni tó jẹ́ pé inú yàrá òtẹ́ẹ̀lì ló wà látàárọ̀ dalẹ́, tó ń ráhùn pé oòrùn máa ba awọ ara òun jẹ́! Bí wọ́n bá ti fẹ́ ya fọ́tò báyìí ló ń sáré jáde, tòun ti fìlà gbàgẹ̀rẹ̀ lórí.

Ìdí rẹ̀ ò fara sin. Orúnkún Màmá ti daṣẹ́ sílẹ̀, kò lè dá gbé mọ́, ó sì ti ní lọ́la lòun máa sọ ibi tóun ń kó lọ: ilé Àǹtí Àgbà ni o, àbí ti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Àǹtí Àgbà ti sọ fún gbogbo ará ọ́fíìsì pé ọ̀dọ̀ òun ni. Ó ti ń jayé ìyìn kó tó ṣiṣẹ́ kankan.

"Màmá gbọ́dọ̀ rí i pé èmi ni mo wà pẹ̀lú wọn," ló ń sọ fún ara rẹ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìyàwó àbúrò rẹ̀ kúrò nínú fọ́tò. Ó gé e ní etí òkun. Ó gé e ní ibùdókọ̀ ojú irin, ó tún pòṣé lé e. Ìyàwó lásán-làsàn!

Ọwọ́ ló kù tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Nínú gbogbo fọ́tò, ọwọ́ ìyàwó yìí ló di ìgbọ̀nwọ́ Màmá mú, torí Màmá ò lè dá dúró. Bó bá gé ọwọ́ náà, apá Màmá á bá a lọ. Kí ni ọlọ́gbọ́n wa wá ṣe? Ó wá òdòdó aláwọ̀ mèremère nínú kọ̀ǹpútà, ó ń lẹ̀ wọ́n bo ọwọ́ náà. Ó wá fi ara rẹ̀ àti fìlà rẹ̀ sí àyè tó ṣí sílẹ̀. Ó gbóríyìn fún ara rẹ̀, ó lọ sùn.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé kọ̀ǹpútà síwájú ìyá rẹ̀.

"Ẹ wò ó, Màmá. Èmi rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín níbi gbogbo."

Màmá fi gíláàsì sójú. Ó wò ó, ó tún wò ó.

"Kí ló ń hù ní ìgbọ̀nwọ́ mi?"

"Òdòdó ni, Màmá. Ẹwà ni."

"Ẹwà kẹ̀? Ó jọ eéwo."

Màmá nàka sí fọ́tò ìsàlẹ̀ pátápátá, èyí tí wọ́n yà nínú omi. Òdòdó ibẹ̀ kéré jù. Àwọn ìka yọ lábẹ́ rẹ̀, wọ́n di Màmá mú gírígírí. Màmá rọra fọwọ́ pa wọ́n lójú kọ̀ǹpútà.

"Ọwọ́ ìyàwó mi rèé," ló wí. "Ìyókù rẹ̀ dà?"

Ojú ti Àǹtí Àgbà, ó ń wo ilẹ̀.

"Bá mi pè é lórí fóònù," ni Màmá wí. "Kó máa bọ̀ wá bá mi kó ẹrù."