Oògùn Tó Ń Jẹ́ Gadé

Hikmat ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Bẹ́yẹrúnkà fi ń tọ́jú orúkọ àwọn aláìsàn. Nínú yàrá rẹ̀ nílé bàbá rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Òsì ló ti kọ ọ́. Ẹ má rò pé kọ̀ǹpútà ń fúnni láyè bó ṣe wuni o. Èdè àtijọ́ tí Hikmat fi kọ ètò rẹ̀ fẹ́ kéèyàn sọ iye àyè tí orúkọ máa gbà kó tó kọ ọ́ rárá. Ó bá lọ bi bàbá rẹ̀.

Ogójì ọdún ni Bàbá Màmúdù Gbọ́lágadé fi kọ́ ọmọ ní Yorùbá, kò sì bá ẹnikẹ́ni ṣeré lórí ọ̀rọ̀ lẹ́tà. Ó gba ìwé orúkọ àwọn aláìsàn, ó ń fi ìka kà á. “Gb, ẹyọ kan. Ọ, tòun tàmì rẹ̀, ẹyọ kan.” Orúkọ tó gùn jù kò kọjá méjìdínlógún. Hikmat fún orúkọ kọ̀ọ̀kan ní ogún àyè, ó sì fi àyè oògùn tí ara aláìsàn kọ̀ tì í, bíi yàrá méjì tí kò ní ògiri láàárín.

Láìlámì ló kọ́kọ́ tẹ orúkọ wọn. Ìgbà tí bàbá rí tiẹ̀, inú bí i. “Ta ló ń jẹ́ Gbolagade? Èmi kọ́ o!” Hikmat fi àmì sí gbogbo rẹ̀ lóṣù tó kọjá, ilé bá rójú.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, ẹsẹ̀ bàbá tí ìṣó gún wú, ibà dá a dúbúlẹ̀, ó ń sọ ìsọkúsọ. Afeez, àbúrò Hikmat, gbé e lọ sílé ìwòsàn náà. Hikmat wà nídìí iṣẹ́ ní Mápó nígbà tí nọ́ọ̀sì Lucy pè é.

“Àǹtí Hikmat, mo fẹ́ gún bàbá lábẹ́rẹ́. Káàdì wọn lórí kọ̀ǹpútà ní gadé lara wọn kọ̀. Oògùn wo ló ń jẹ́ gadé?”

Hikmat mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ìparí orúkọ bàbá rẹ̀ ni gadé. Ohun tí bàbá kà sí ẹyọ kan, kọ̀ǹpútà ò kà á bẹ́ẹ̀. Méjì ni gb lójú tiẹ̀, ọ́ kan ṣoṣo sì gba àyè márùn-ún. Orúkọ ti kún yàrá rẹ̀, ó ṣàn wọ yàrá kejì, ó sì tẹ oògùn rẹ́.

Màmá Hikmat ló mọ oògùn náà, màmá sì ti kú. Wọ́n ti sun káàdì oníwèé. Hikmat fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, àmọ́ ó tẹ ti ọ̀ọ́dúnrún èèyàn pọ̀, kò rántí nǹkan kan. Ó bínú sí ara rẹ̀ gan-an.

“Ẹ má tíì gún wọn o! Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún.”

“Ara wọn ń jó bí iná, Àǹtí. Ẹ yára.”

Ó gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣí ibi tí kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn kó ọ̀rọ̀ sí, ó ń wò ó ní àyè kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà kì í ka ohun tó bá wà lẹ́yìn àmì ìparí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kó kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn gadé, lẹ́tà mẹ́rin ló ṣẹ́ kù: l, l, i, n.

“Llin ló kẹ́yìn rẹ̀! Ó lè jẹ́ penicillin, ó lè jẹ́ ampicillin, mi ò mọ èwo.”

Lucy wo ìgò ọwọ́ rẹ̀. “Ẹbí kan náà ni wọ́n. Penicillin ló wà lọ́wọ́ mi yìí.” Ó gbé e sílẹ̀, ó lọ mú oògùn mìíràn.

Lọ́jọ́ kẹta, bàbá jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń mu ògì. Hikmat kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi kan bò.

“Mélòó ni kọ̀ǹpútà ka orúkọ mi sí?”

“Márùndínlọ́gbọ̀n, Bàbá.”

Bàbá kà á lẹ́ẹ̀mejì. Pẹ̀lú àlàfo àárín rẹ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń bá. Ojú tì í. Bàbá tó ti na ọmọ aráyé nítorí àmì ohùn gbé ife ògì sílẹ̀.

“Yọ àmì orúkọ mi kúrò. Kọ Gbolagade.”

Omi lé ròrò sójú Hikmat. “Mi ò ní yọ ọ́, Bàbá. Mo ti fẹ yàrá orúkọ náà.”