Ẹ̀sùn Tí Adébánjọ Tì Pa

Tí ẹ bá ń wá ìkà èèyàn, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ẹ wá sí Ìlaròó, ẹ yà sí Pólì, ẹ béèrè Ọ̀gbẹ́ni Adébánjọ. Á rẹ́rìn-ín sí yín, á fún yín lága. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà ni. Òun ló ṣe Ìwọ̀n, áàpù ọ̀fẹ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì abúlé fi ń mọ iye oògùn olómi tó yẹ ọmọdé. Nọ́ọ̀sì á tẹ bí ọmọ ṣe wúwo tó sí i, áàpù á sọ iye mílì tí wọ́n máa fún un. Kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá wù ló lè wò ó. Ẹni tó bá sì rí àbùkù, ojú ewé ẹ̀sùn wà níbẹ̀ tó máa kọ ọ́ sí. Èmi Morádéyọ̀ ni mo ń bá a ka àwọn ẹ̀sùn náà. Kíkà nìkan o! Àṣẹ láti tì wọ́n pa àti láti ṣí wọn, ọwọ́ òun nìkan ló wà.

Olúwafikáyọ̀mi, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ìjọ kan ní Ìlárá, ló kọ̀wé. Ẹ mọ Ìlárá, ẹsẹ̀ kan ní Nàìjíríà, ẹsẹ̀ kan ní Bẹ̀nẹ̀. Bí wọ́n bá jókòó síwájú ilé, nẹ́tíwọ̀kì tiwa ni fóònù wọn ń gbé. Bí wọ́n bá dé ẹ̀yìnkùlé, ti Bẹ̀nẹ̀ ni. Fikáyọ̀mi ní tí fóònù bá ti gbé ti Bẹ̀nẹ̀, áàpù á yí ara rẹ̀ padà sí ti àwọn elédè Faransé láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Àwa, pọ́ìntì la ń fi sáàárín nọ́ńbà tó bá ní ààbọ̀. Àwọn, kọ́mà ni. Áàpù á wá gbé pọ́ìntì tiwa mì. Mílì 2.5 á di 25. Oògùn gìrì ló fẹ́ fún ọmọ kan lọ́jọ́ náà, Ọlọ́run ló ní kó tún un wò.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ló kọ, "ẹ tètè bá wa tún un ṣe kó tó pa ọmọ ọlọ́mọ."

Ẹ wo bó ṣe là á kalẹ̀! Ta ni kò ní yé? Adébánjọ mú fóònù tirẹ̀, ó dán an wò lórí tábìlì rẹ̀ ní Ìlaròó níbí, níbi tí nẹ́tíwọ̀kì Bẹ̀nẹ̀ ò dé rárá. Ó ní, "Kò ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ mi." Ló bá ti ẹ̀sùn náà pa.

Fikáyọ̀mi tún kọ òmíràn, ó ya fọ́tò ojú fóònù rẹ̀ sí i. Adébánjọ dá a lóhùn ní gbangba pé kí àwọn tí kò mọ fóònù lò lọ kọ́ ọ kí wọ́n tó máa bẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ àgbà. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sábẹ́ ẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká wọkọ̀ lọ sí Ìlárá ká dán an wò níbẹ̀." Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Tó bá jẹ́ gaàrí lo fẹ́ lọ rà ní Ìlárá, Morádéyọ̀, máa lọ." Inú bí mi, mi ò lè parọ́.

Fikáyọ̀mi ò dákẹ́. Ẹ̀rù ọmọ ọlọ́mọ ń bà á. Nígbà tó kọ ìkẹta, ó ní, "Sà, irọ́ lẹ ń pa fún àwọn èèyàn." Háà! Ó ti bàjẹ́. Ṣé wọ́n ń sọ fún àgbà pé ó ń pa irọ́ nílẹ̀ wa níbí? Láti ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó tún rántí oògùn. Adébánjọ gbé fóònù, ó pe bàbá Fikáyọ̀mi, Bàbá Katikíìsì ní Ayétòrò, ó fi ẹjọ́ sùn. Bàbá ò béèrè bóyá òótọ́ ni ọmọ òun sọ. Ó ní tí kò bá lọ tọrọ àforíjì, kó má pe òun ní bàbá mọ́.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló mú un wá. Fikáyọ̀mi kúnlẹ̀ ní ọ́fíìsì, ojú mi ló ṣe. Adébánjọ ní, "Mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n gbangba lo ti bú mi, gbangba ni wàá ti bẹ̀ mí." Ó ń pe ọ̀rọ̀ náà, Fikáyọ̀mi ń tẹ̀ ẹ́ sójú ewé ẹ̀sùn: *Kò sí àbùkù kankan nínú Ìwọ̀n. Èmi Nọ́ọ̀sì Olúwafikáyọ̀mi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò. Ẹ má bínú.*

Fikáyọ̀mi yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sọ fún wọn." Mo ní, "Ọ̀gá, èyí ò dáa o." Bàbá rẹ̀ jágbe mọ́ mi pé kí n má ba ọmọ òun jẹ́. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ síta nìyẹn, Adébánjọ sì ti ojú ewé náà pa kí ẹnikẹ́ni má lè fèsì mọ́. Gbogbo wa la mọ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. A máa ń bẹ àgbà kí ilé lè tòrò, bá a tiẹ̀ jàre. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kà á lórí fóònù ò lè rí ìkúnlẹ̀.

Fikáyọ̀mi padà sí Ìlárá, ó ń pe àwọn nọ́ọ̀sì ẹ̀bá bọ́dà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kìlọ̀ fún wọn. Kò pe Mẹ̀dínátù, ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí Idogo ló mọ̀ pé ó wà, ibẹ̀ sì jìnnà sí wàhálà yìí. Kò mọ̀ pé wọ́n ti gbé e lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Ìlárá. Ibẹ̀ ni Ṣàíbù ọlọ́kadà ti gbé ọmọ rẹ̀ dé, gìrì mú un. Áàpù ní mílì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mẹ̀dínátù ní rárá, èyí ti pọ̀ jù. Ọmọ tó gbọ́n ni, ó lọ wo ojú ewé ẹ̀sùn. Orúkọ ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló bá níbẹ̀, tó ní kò sí àbùkù kankan. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó wọn ọ́n, ó fún ọmọ mu. Ọmọ náà sùn, kò sì jí mọ́.

Ọjọ́ tí ìròyìn dé Ìlaròó ni Adébánjọ tún un ṣe. Ìlà kóòdù kan péré! Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé "àtúnṣe kékeré". Nígbà tí àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn wá, ó ṣí kọ̀ǹpútà fún wọn. "Ẹ kà á fúnra yín. Èmi kọ́ ló sọ ọ́." Wọ́n lé Fikáyọ̀mi lẹ́nu iṣẹ́.

Ó pè mí, ó ń sunkún. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti fi ohun tí mo kọ han ìyá ọmọ náà. Mi ò béèrè iṣẹ́ mi o. Ẹ ṣáà bá mi bẹ ọ̀gá yín kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́."

Mo lọ bá a. Èmi Morádéyọ̀, mo kúnlẹ̀ fún ọkùnrin yẹn. Kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Pa á rẹ́ kẹ̀? Gbangba la ti ń ṣiṣẹ́ tiwa, Morádéyọ̀. A kì í fi nǹkan kan pa mọ́ níbí."

Ẹ̀bẹ̀ yẹn ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá ṣí i, orúkọ Fikáyọ̀mi ló máa rí.