Máa Wí, À Ń Gbọ́

Ọdún kejì tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ni mo ríṣẹ́ sí Ọ̀rẹ̀, ní ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ onígẹdú kan tó kọjú sí títì márosẹ̀. Wọn ò gbà mí kí n wá máa la igi o. Iwájú ọ́fíìsì ni wọ́n fi mí sí, kí n máa kí àlejò káàbọ̀, kí n máa kọ orúkọ wọn sínú ìwé, kí n sì máa dá fóònù lóhùn. Owó epo ń ṣàn nígbà náà, gbogbo ẹni tó ń kọ́lé ní Èkó ló ń wá pákó, àwọn mọ́tò agbégi ò sì jẹ́ kí eruku àgbàlá wa sinmi. Bí mo bá jókòó sórí àga mi, tí fáànù ń yí lókè, tí eruku pupa ń rọra wọlé lójú fèrèsé, ó máa ń ṣe mí bíi pé inú àlá ẹlòmíì ni mo jókòó sí.

Ẹ̀bùnọlá lorúkọ mi. Bàbá mi, Fádáre, ti Ìkìrun wá dá oko kòkó sí Àgọ́ Aláyè, lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ìyá mi ń gbé Òdígbó ní tiẹ̀ nítorí ilé àdúrà, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo sì ti ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́. Lẹ́yìn tí mo parí girama, ọdún kan gbáko ni mo fi fọ́ kòkó lóko bàbá mi, títí èékánná mi fi dúdú. N ò kórìíra bàbá mi. Kòkó ni mo kórìíra, mo sì ti pinnu pé n ò ní padà síbẹ̀ mọ́.

Ọ̀gá wa ní Ọ̀rẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Gbádéyan, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í pariwo. Ó ní ọ̀sẹ̀ kan ni òun máa fi wò mí ná. Ó sọ fún mi pé Olúfúnmilọ́lá tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi a máa ṣa iṣẹ́ jẹ́ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà: èyí tó bá dùn, á jẹ́ ẹ, èyí tó bá korò, á gbé e sọnù. Ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ lé e nìyẹn. Ó tún ní Olóyè tó ni gbogbo wa ń gbé Èkó, àràárọ̀ ló máa ń pè, kò sì fẹ́ràn kí wọ́n dá òun dúró.

Kò sóhun tó le níbẹ̀, àfi ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, tó ku ọ̀la kí n bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀mí gbé Wòlíì Zachariah láàárín ìsìn, ó nawọ́ sí mi, ó ní ọmọbìnrin yìí ń lọ síbi iṣẹ́ tuntun, kò sì gbọdọ̀ dáhùn ohùn tí kò bá rí ojú ẹni tó ni ín, títí ọjọ́ méje yóò fi pé. Gbogbo ìjọ ṣe àmín, ti ìyá mi ló ròkè jù. Èmi náà ṣe àmín. Inú bọ́ọ̀sì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni ọ̀rọ̀ náà tó yé mi, tí inú mi sì bà jẹ́. Kí ni fóònù, bí kò ṣe ohùn tí kò lójú? Ọlọ́run ló bá mi wáṣẹ́, òun náà ló tún wá ní kí n má ṣe é.

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Níbi tí wọ́n ti tọ́ wa, kí ilé àdúrà tó dé rárá, ọmọ tó bá gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ ẹ̀ nínú oko kì í jẹ́ ẹ títí á fi rí ẹni tó pè é. Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń pe èèyàn ni èèyàn.

Nígbà tí fóònù dún, mo gbé e, mo fi sétí, n ò sọ̀rọ̀. Mo rò pé ẹni tó pè á sọ tẹnu ẹ̀, tí màá sì kọ ọ́ sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn afẹ́fẹ́, níbi tó jìn, mo gbọ́ obìnrin kan tó ń ṣàlàyé àwọ̀ léèsì fún obìnrin mìíràn. Lẹ́yìn tiwọn, mo gbọ́ òjò. Oòrùn ń ta ní Ọ̀rẹ̀, òjò sì ń rọ̀ ní Èkó, etí mi kan ṣoṣo ló wà níbi méjèèjì. Ohùn ọkùnrin kan tó wúwo wá ń ṣe hẹ́lóò, hẹ́lóò, títí ó fi já a. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ṣe é lọ́jọ́ Ajé àti lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mò ń lọ Èkó, mò ń bọ̀, n ò sì dìde lórí àga. Ó dùn mọ́ mi, n ò ní purọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni dírẹ́bà kan ti Èkó dé, ó ní wọ́n ní fóònù Ọ̀rẹ̀ ti bàjẹ́. Ọ̀gá Gbádéyan gbé e wò, fóònù náà ò bàjẹ́. Ó wò mí títí. Ó wá rọra sọ fún mi pé bó bá tún rí báyìí lọ́la, kí n máa lọ sọ́dọ̀ bàbá mi.

Mo délé, mo ròyìn fún ìyá mi níbi tó ti ń bẹ ẹ̀gẹ́. Ìyá mi ò kàwé, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ò wọ́n ọn. Mo ní kó bá mi bẹ wòlíì kó yí ìran náà padà. Ó ní ìran kì í ṣe aṣọ tí wọ́n ń gbé padà fún télọ̀. Ó bẹ ẹ̀gẹ́ bíi mẹ́ta sí i kó tó tún sọ̀rọ̀.

“Bí ẹ̀mí bá gbé wòlíì, ṣé a máa ń rí ojú ẹni tó ń gba ẹnu ẹ̀ sọ̀rọ̀?”

Mo ní rárá, mà.

“Kí ni ìjọ máa ń dáhùn?”

“Máa wí, à ń gbọ́.”

“Òun ni kí o sọ. Ọlọ́run lo dá lóhùn yẹn. Bí ará Èkó bá wà nítòsí, kó bá a gbọ́.”

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, fóònù dún. Mo dìde dúró, mo tẹrí ba díẹ̀, mo gbé e. “Máa wí,” ni mo wí, “à ń gbọ́.”

Èkó dákẹ́. Ìgbà náà ló tó sọ sí mi lọ́kàn pé mo ti fi “máa wí” bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀, láìsí “ẹ” kankan níbẹ̀, bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀. Nínú gbogbo ẹni ńlá, Ọlọ́run nìkan la kì í ṣe “ẹ” fún. Ṣùgbọ́n ohùn tó wúwo yẹn kò bínú. Ó mí kanlẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

“Kọ ọ́ sílẹ̀. Sọ fún Gbádéyan pé ọmọbìnrin tó fi sídìí fóònù yẹn, kó lé e lọ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ọjọ́ méjì ni mo fi pè, èémí lásán ni mò ń gbọ́.”

Ọwọ́ mi ti kọ ọ́ tán kí orí mi tó mọ ohun tó kọ. Mo wo ìwé náà. Ìkọ̀wé mi rẹwà. Èmi ni wọ́n ń wí. Bí mo bá rún un mọ́ inú báàgì mi, ta ni yóò mọ̀? Mo rí òkìtì kòkó bàbá mi lójú ara mi, pẹ̀lú àwọn eṣinṣin orí ẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ṣùgbọ́n nílé àdúrà wa, ẹni tó bá gbọ́ iṣẹ́ tí kò jẹ́ ẹ, ọrùn ẹ̀ ni iṣẹ́ náà máa ń wà. Mo dìde. Ẹnu ọ̀nà Ọ̀gá Gbádéyan ò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ, síbẹ̀ mo rìn títí ó fi ń ṣe mí bíi pé n ò ní débẹ̀ láéláé.

Ó kà á, ó tún un kà.

“O mọ̀ pé ìwọ ni?”

“Mo mọ̀, sà.”

“O lè fà á ya.”

“Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi, sà.”

Ó tẹ̀ lé mi síwájú ọ́fíìsì, ó ní kí n jókòó, ó gbé fóònù mi, ó ní kí àwọn tó ń so fóònù pọ̀ bá òun pe Èkó. Ó sọ fún Olóyè pé òun ti ṣe bí wọ́n ṣe wí, ọmọbìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ yẹn ti lọ. Ó tẹ́tí sílẹ̀ díẹ̀.

“Èyí tí ẹ bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí? Tuntun ni, sà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á ni.”

Mo la ẹnu, ó na ìka sí mi kí n dákẹ́. Mo ń gbọ́ ohùn Olóyè nínú fóònù, ó ń bi í pé irú ọmọ wo ló ń sọ fún àgbà pé máa wí. Ọ̀gá Gbádéyan ní ọmọ ilé àdúrà ni, sà. Ó wá ń gbọ́ ohun tí Olóyè ń sọ. Nígbà tó gbé fóònù kalẹ̀, ó ní Olóyè ní kò burú, ó ní ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ fún òun pé àwọn ń gbọ́. Ó ní kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ. Ó wọlé, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Mo jókòó síbẹ̀. Wọ́n ti lé mi, wọ́n sì ti fi mí rọ́pò ara mi, láàárọ̀ kan náà, lórí àga kan náà. Ó yẹ kí n dúpẹ́. Ẹkún ló gbọ̀n mí, mo sì sun ún dáadáa, nítorí ọmọbìnrin àkọ́kọ́ yẹn tí wọ́n lé lọ, tí kò sẹ́ni tó máa bá a kẹ́dùn.