Aránṣọ Tó Fẹ́ Mọ Ohun Tí Wọ́n Fi Ṣe Ayé

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, aránṣọ náà ń rán kọ́là yúnífọ́ọ̀mù ilé-ìwé, rédíò kékeré tó wà lórí pèpéle sì ń sọ̀rọ̀ lọ ní tiẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kan láti yunifásítì ló ń ṣàlàyé ohun tó máa kù bí èèyàn bá fọ́ nǹkan sí wẹ́wẹ́ títí tí kò fi ṣeé fọ́ mọ́. Ó ní àwọn èérún wọ̀nyẹn ní òdìkejì tiwọn. Bí èérún àti òdìkejì rẹ̀ bá pàdé, àwọn méjèèjì á pòórá, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló máa jáde níbẹ̀.

Aránṣọ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Wọ́n pòórá?" ó bi rédíò. "Báwo ni ohun tó wà ṣe máa di ohun tí kò sí?"

Orin ni rédíò fi dá a lóhùn.

Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni obìnrin yìí. Ìwé mẹ́fà ló kà kó tó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì mọ ọ̀rọ̀ tí í gúnni lára, ìdí nìyẹn tí ọkọ rẹ̀ fi ń pè é ní Abẹ́rẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ń fẹ́ra. Bí àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó rẹ̀ kéré, á ní kí wọ́n lọ bi adìẹ bóyá ó lè gbé abẹ́rẹ́ mì. Ọkọ yìí fúnra rẹ̀ fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga ní físíìsì. Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ìyàwó rẹ̀ náà ò sì pè é ní orúkọ míì. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, orí àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ló ń jókòó sí, pẹ̀lú ìwé ìròyìn. Nígbà míì á bá ìyàwó rẹ̀ gán bọ́tìnnì. Ìyàwó á dúró kó lọ sùn lọ́sàn-án, á wá tú u, á tún un gán.

Lọ́jọ́ náà, kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, aránṣọ ti na aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sórí férémù onígi, ó fi píìnì kan ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò ti aṣọ náà láti ìsàlẹ̀, ó wú sókè. Ó fi ìka ọwọ́ kejì tẹ ibòmíì láti òkè, ó jìn. Ó wá rọra sún wúwú àti jíjìn náà mọ́ra. Nígbà tí wọ́n pàdé, aṣọ tẹ́jú pẹrẹsẹ, ó sì gbọ̀n títí dé ibi tí píìnì wà. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó pariwo.

"Tíṣà, ẹ wá wo nǹkan."

"Kí ló dé? Ẹ̀rọ tún ti ń já òwú ni?"

"Ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Kò sí èérún kankan, Tíṣà. Aṣọ kan ṣoṣo ló tẹ́ lọ káàkiri ayé. Ibi tó bá ti wú ni wọ́n ń pè ní èérún. Òdìkejì rẹ̀ ni ibi tó ti jìn. Bí wọ́n bá pàdé, aṣọ á tẹ́, nǹkan kan ò sọnù. Gbígbọ̀n tẹ́ ẹ rí yìí, òun ni ìmọ́lẹ̀."

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀. "Abẹ́rẹ́! Àwọn tó ní ẹ̀rọ ìfọ́ èérún tó gùn ju àdúgbò yìí lọ ń wá a, wọn ò rí aṣọ. Ìwọ fi àtàǹpàkò rí i."

"Bóyá wọn ò rán aṣọ rí ni."

"Bọ́ọ̀lù kéékèèké ni èérún. Mo yà á sójú pátákó fún odidi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n."

"Ṣé ẹ ti rí bọ́ọ̀lù náà rí?"

Tíṣà ṣí ojúewé ìwé ìròyìn rẹ̀ sí òmíràn.

Aránṣọ ò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ń kọ èrò rẹ̀ sẹ́yìn pépà tó fi ń gé àwòṣe aṣọ. Lọ́sẹ̀ kejì, ó rán apá ẹ̀wù oníbàárà kan ní òdì, ohun tí kò ṣe rí láti ogún ọdún. Ọmọ wọn obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì gbọ́, ó gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru wá. Ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ dára ju tiẹ̀ lọ.

Nígbà tó yá, rédíò kéde pé Ọ̀jọ̀gbọ́n náà ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn ilé ìkàwé lọ́sàn-án Sátidé. Aránṣọ di férémù rẹ̀ sínú àpò. Tíṣà bá a lọ. Ó ní òun ò fẹ́ kí ìtìjú rẹ̀ pọ̀ jù láìsí ẹni tó máa mú un wálé.

Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè dìde, ó dìde. Ó gbé férémù sókè, ó sọ ohun tó sọ fún ọkọ rẹ̀. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan lẹ́yìn wọn sọ ọ́ ketekete pé, "Ara màmá yìí ò yá." Tíṣà yíjú padà wò ó fún ìgbà pípẹ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ò rẹ́rìn-ín. Kò tíì ju ẹni ogójì ọdún lọ. Ó sọ̀kalẹ̀ wá, ó ní kí aránṣọ tún un ṣe lójú òun.

"Ó dára gan-an ni, Màmá. Àwọn kan nínú wa náà ti ro ohun tó jọ ọ́. Àmọ́ ẹ ṣe wúwú kan fún mi. Ẹ tún ṣe èkejì. Ṣé wọ́n dọ́gba?"

"Wọn ò dọ́gba. Mo lè ṣe ńlá, mo lè ṣe kékeré."

"Ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Ẹ wo èérún tí wọ́n ń pè ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù: gbogbo èyí tó wà láyé ló dọ́gba. Èyí tó wà nínú èékánná yín àti èyí tó wà nínú oòrùn, ìyàtọ̀ tó tó irun ò sí láàárín wọn. Ta ló ń bá aṣọ yín wọ̀n wọ́n?"

Aránṣọ ronú níbi tó dúró sí. "Mi ò tíì mọ̀," ó wí.

"Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ kọ̀wé sí mi, ẹ jọ̀ọ́," Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, ó sì kọ àdírẹ́sì rẹ̀ fún un.

Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì padà sílé. Ohun tí ọkùnrin ẹ̀yìn wọn sọ ló ń jẹ Tíṣà nínú. Ó ku ibùdókọ̀ méjì kí wọ́n dé ilé nígbà tó kàn sọ pé:

"Òwú."

"Òwú wo?"

"Òwú ni wọ́n fi hun aṣọ, àbí? Wúwú kan ò lè kéré ju òwú kan lọ. Bó bá jẹ́ pé òwú kan ni èyí tó kéré jù, gbogbo wọn á dọ́gba!"

Ìyàwó rẹ̀ ń wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. Wọ́n gbàgbé láti sọ̀kalẹ̀.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn méjèèjì jọ ń ṣe é. Tíṣà ra awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó ń fi í ka òwú. Ó ń sọ ọ́ fún bábà tó ń gẹ irun rẹ̀, àti ẹni tó bá jókòó dúró de bábà. Nọ́ọ̀sì ọmọ wọn ní òun ò rí kí ara bàbá òun yá báyìí láti ìgbà tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Tíṣà kọ lẹ́tà sí Ọ̀jọ̀gbọ́n, ojúewé mọ́kànlá, ó fi rúlà fa ìlà sábẹ́ ibi tó ṣe pàtàkì. Ó ku kí wọ́n fi ránṣẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, oníbàárà kan mú aṣọ wá pé kí wọ́n fi rán síkẹ́ẹ̀tì tó máa fẹ̀ nísàlẹ̀. Irú síkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, láti igun sí igun ni wọ́n ń gé aṣọ rẹ̀. Aránṣọ fà á lóòró, kò nà. Ó fà á láti igun sí igun, ó nà bíi rọ́bà. Ohun tó ti ń ṣe láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀.

"Tíṣà, eré tí ìmọ́lẹ̀ ń sá, ṣé bákan náà ni sí ibi gbogbo?"

"Bákan náà ni. Ibi yòówù kó kọrí sí. Wọ́n ti wọ̀n ọ́n, wọ́n tún un wọ̀n."

"A jẹ́ pé kì í ṣe òwú."

"Kí lo wí?"

"Aṣọ tó bá ní òwú, ó ní ibi tí òwú kọrí sí. Lóòró, ó le. Láti igun sí igun, ó rọ̀. Gbígbọ̀n rẹ̀ ò lè rí bákan náà. Ìmọ́lẹ̀ ì bá ti mọ̀."

"Bóyá òwú náà tín-ínrín jù—"

"Tíṣà."

"Bóyá wọn ò wọ̀n ọ́n dáadáa!"

"Ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé wọ́n tún un wọ̀n."

Tíṣà jáde. Kò jẹun ọ̀sán. Nígbà tó wọlé, ó ní kí wọ́n ṣáà fi ojúewé mọ́kànlá náà ránṣẹ́, kí Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ sọ pé kò dáa.

"Aṣọ tí mo mọ̀ pé kò bá oníbàárà mu, mi kì í gbé e fún un," ìyàwó dáhùn.

"Ó dùn mí, Abẹ́rẹ́."

"Ó dun èmi náà. Ẹ jókòó."

Lẹ́tà tó lọ kò ju ìlà mélòó kan: "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọkọ mi rí ìdáhùn sí ìbéèrè yín, òwú ni. Ìdáhùn gidi ni. Àmọ́ aṣọ olówùú kì í rí bákan náà lóòró àti láti igun sí igun, ọkọ mi sì ní eré tí ìmọ́lẹ̀ ń sá rí bákan náà sí ibi gbogbo. Nítorí náà, aṣọ mi ò dúró. Mo ní kí n sọ fún yín kí ẹ má baà máa retí."

Ó lé ní oṣù kan kí èsì tó dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ̀wé pé ohun tí aránṣọ rí lára aṣọ yẹn ti gba àwọn mìíràn ní ọdún púpọ̀. Ó ka lẹ́tà náà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, mẹ́ta nínú wọn sì ń wá aṣọ tó ní òwú ṣùgbọ́n tí kò ní ibi tí òwú rẹ̀ kọrí sí. Wọn ò tíì rí i.

Tíṣà kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Ṣé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ wà?"

"Ó wà. Èyí tí wọ́n fi ń ṣe àkẹtẹ̀ òtútù. Wọn kì í hun ún. Irun àgùntàn ni wọ́n kàn ń tẹ̀ pọ̀ rúdurùdu. Àmọ́ kì í dọ́gba. Ibì kan á nípọn, ibì kan á fẹ́lẹ́."

"Kí ló dé tí kò lè dọ́gba?"

Ó ronú. "Mi ò mọ̀."

Tíṣà wọ bàtà rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe àkẹtẹ̀ wà ní òpópónà kejì. Ó bá a lẹ́nu iṣẹ́, ó ní kó fún òun ní àjákù aṣọ rẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Tíṣà?"

Tíṣà la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, ó tún pa á dé.

"A ò tíì mọ̀," ó wí, ó sì na ọwọ́.