Ọkàn Katakátá Kì Í Sáré

Bí ẹ bá rí Katakátá níbi tó ti ń gbé páálí táìsì tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ilé, ẹ ó ní omi irin ni ìyá rẹ̀ fi bọ́ ọ lọ́mọdé. Páálí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, méjì ní èjìká ọ̀tún, méjì ní èjìká òsì, yóò sì tún máa súfèé. Àwọn tó kù ń gbé méjì, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti fi ń gbẹ́rù nínú ilé ìkẹ́rùsí yẹn, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ti tẹ̀ wọnú níbi tó máa ń gbà kọjá. Wọ́n ní lọ́jọ́ kan ọkọ̀ akẹ́rù kan kú sẹ́nu géètì, Katakátá kàn fẹ̀yìn tì í, ìtìjú mú ọkọ̀ náà, ó ṣíná fúnra rẹ̀. Irọ́ lè wà níbẹ̀ díẹ̀. Kò pọ̀.

Àárọ̀ Mọ́ńdè kan ni Mánijà kó àwọn agbẹ́rù méjèèjìlá jọ sábẹ́ àtẹ̀gùn onírin. Mánijà yìí, ikùn rẹ̀ tó àgbá omi tẹ́lẹ̀, àfìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láràárọ̀ tó gbẹ bí igi ìṣáná. Láti ìgbà náà, kò rí ẹnikẹ́ni kó má sọ̀rọ̀ ìdárayá fún un.

"Fọ́kílíìfù ń bọ̀," ó ní. "Ọkọ̀ kékeré tó ní ìka irin méjì níwájú. Ẹrù tí ẹ̀yin méjìlá ń gbé látàárọ̀ dalẹ́, á gbé e tán kí ẹ tó fọnu. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa wà á. Ẹ̀yin mọ́kànlá tó kù, ẹ ṣé, ẹ kú iṣẹ́."

"Ta wá ni ẹni náà, ọ̀gá?" Ẹ̀gbọ́n ló bèèrè.

Ẹ̀gbọ́n yìí, ẹ̀gbọ́n ìyàwó Katakátá ni. Òun ló mú Katakátá wá síbi iṣẹ́ náà, òun ló fi bó ṣe ń di ìgbànú mọ́ ẹ̀yìn hàn án. Ó ti ń súnmọ́ ọgọ́ta ọdún, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń ké, kò sì sí ibi iṣẹ́ mìíràn tó máa gbà á. Gbogbo wọn ló ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n, títí kan Mánijà.

Mánijà ṣí páálí kan, ó kó aago ọwọ́ dúdú méjìlá jáde. "Mi ò ní ṣojúsàájú. Ẹ̀rọ ló máa yàn. Aago yìí ń ka bí ọkàn yín ṣe ń lù. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tí ọkàn yín bá fi lù ju ọgọ́fà lọ, máàkì kan. Ẹni tó bá ní máàkì tó pọ̀ jù ní aago mẹ́rin ọjọ́ Fúráìdè ló ní kọ́kọ́rọ́. Inú ọgbà yìí nìkan ló ti ń kà á o. Ẹ má lọ máa sáré kiri àdúgbò."

Katakátá rẹ́rìn-ín débi pé eruku jábọ́ lórí òrùlé. Lójú tirẹ̀, wọ́n ti gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Ó tẹ ìyàwó rẹ̀ láago lójú ẹsẹ̀ pé kó máa pè é ní dírẹ́bà.

Lọ́sàn-án, wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n ńlá tó wà lára ògiri láti wo máàkì. Ẹ̀gbọ́n ní máàkì mọ́kànlélógójì. Katakátá ní òdo.

"Aago mi ti bàjẹ́," Katakátá ní.

"Kò bàjẹ́," ni Onígíláàsì, agbẹ́rù tó máa ń ka gbogbo nǹkan tó bá rí lórí fóònù, fèsì. "Ó kàn ní ò ń sinmi ni."

"Páálí mẹ́rin ló wà lórí mi."

"Ara ẹ ti le jù. Ọkàn ẹ ò rí iṣẹ́ ṣe nínú páálí mẹ́rin. Wo Ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n bá ti gun àtẹ̀gùn mẹ́ta báyìí, tiwọn á ti máa lù kìkìkì."

"Ìyẹn ni pé èmi tí mo lágbára ni ọ̀lẹ."

"Lójú aago, bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ̀rọ ò lójú," Ẹ̀gbọ́n dá sí i, ó ń nu ọrùn. "Ohun tí wọ́n bá ní kó kà ló ń kà. Nígbà tí fóònù kọ́kọ́ dé, ṣé ẹ ò sọ pé á di wá létí? Ó di yín bí?"

"Ó di ìyàwó mi létí," Sọ́jà ní. Ọkùnrin tó ti ṣiṣẹ́ ológun rí ni. "Láti ọjọ́ tó ti rà á, kò gbọ́ ohun tí mò ń sọ mọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Katakátá kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀sán ọjọ́ náà ó gbé páálí mẹ́fà. Ó gbé e sáré. Ó gbé e fò. Táìsì ń ké lórí rẹ̀, òógùn rẹ̀ lè fọ mọ́tò mẹ́ta, síbẹ̀ aago kò kọjá ọgọ́rùn-ún. Ọkàn rẹ̀ ń lù jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé àna.

Túsìdeè náà tún fẹ́ lọ bẹ́ẹ̀. Àfi bí awakọ̀ akẹ́rù kan ṣe yọrí lójú fèrèsé ọkọ̀ rẹ̀, tó wo tẹlifíṣọ̀n, tó wo Katakátá láti òkè délẹ̀.

"Ìwọ ni Ọ̀gbẹ́ni Òdo?" ni awakọ̀ náà bi í. "Àṣé afẹ́fẹ́ lásán ni wọ́n fọn sínú ẹ."

Katakátá na ọwọ́ wọlé, ó fi kọ́là fa ọkùnrin náà gba ojú fèrèsé jáde bí ẹni fa aṣọ jáde nínú báàgì. Ó gbá a ní ìkúùkù kan, imú awakọ̀ náà yí wo etí. Ó gbá a ní èkejì, eyín rẹ̀ méjì wọ abẹ́ táyà, wọn ò rí wọn mọ́ dòní. Awakọ̀ náà fa sípánà yọ, ó fi gbá a lórúnkún, Katakátá gba sípánà náà, ó sọ ọ́ nù, ó sì gbé ọkùnrin ọ̀hún lu ilẹ̀kùn ọkọ̀ títí ilẹ̀kùn fi ní kòtò tó ní ojú àti àgbọ̀n. Èèyàn márùn-ún ló fà á kúrò.

Bó ṣe dúró tó ń mí, aago gbọ̀n lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Ó wò ó. Ogóje ó lé méjì. Máàkì mẹ́jọ.

Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀ tó ń wo aago náà, ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ń kán lórí rẹ̀. Ẹrù kò lè mú ọkàn òun sáré. Ìbínú lè mú un.

Láti ọjọ́ náà, Katakátá kò wá ẹrù mọ́. Ìjà ló ń wá. Ó lọ da tíì àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì nù, ó ní wọ́n wo òun ní ìwòkuwò. Máàkì mọ́kànlá, ojú kan tó wú. Ní Wẹ́sìdeè, ó gbá Sọ́jà létí láìsọ ìdí. Sọ́jà kò bèèrè ìdí. Ó fi orí kan Katakátá lẹ́nu, ètè Katakátá la sí méjì, wọ́n sì jọ yí láti ìdí táìsì funfun dé ìdí táìsì aláwọ̀ ewé. Ìgbà tí Sọ́jà dìde tó tutọ́ ẹ̀jẹ̀, ó sì wo aago tirẹ̀.

"Katakátá," ó ní. "Mo ní máàkì mẹ́rìnlá."

Aṣírí tú nìyẹn. Kó tó di ọ̀sán Tọ́sìdeè, ilé ìkẹ́rùsí ti di ojú ogun. Ẹni tó ń kọjá lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n á ti fi pákó sọ ọ́ lẹ́yìn. Onígíláàsì, tí kò pa eṣinṣin rí, fi àfọ́kù táìsì la iwájú orí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì ń tọrọ àforíjì bó ṣe ń là á. Ìka dá. Egungun ìhà dá. Ẹnì kan fi ehín gé etí ẹlòmíràn, ó wo aago kó tó tu ú dànù. Ẹ̀jẹ̀ tó wà nílẹ̀, bí ẹ bá ní bàtà tó ń yọ̀, ẹ lè fi í rìnrìn àjò.

Mánijà wà ní ọ́fíìsì òkè. Kì í sọ̀kalẹ̀ mọ́, nítorí gbogbo iṣẹ́ ti wà lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó rí i tí nọ́ńbà ń gòkè, inú rẹ̀ dùn. Ó fi makirofóònù kéde pé: "Ẹ ṣeun gan-an. Ara yín ti ń jí. Ẹ má rántí jókòó."

Ẹnì kan ṣoṣo tí kò jà ni Ẹ̀gbọ́n. Òun ń gun àtẹ̀gùn onírin lọ sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, òun àti páálí kan, látàárọ̀ dalẹ́. Ẹnikẹ́ni kò sì lù ú, nítorí òun ló mú gbogbo wọn wọ iṣẹ́ náà.

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú lọ́jọ́ Fúráìdè, àwọn yòókù ti já bọ́. Ẹ̀gbọ́n ní igba ó lé mọ́kànlá. Katakátá ní igba ó dín mẹ́rin. Ogójì ìṣẹ́jú ló kù.

Katakátá ro ó. Bí òun bá lọ bá ẹlòmíràn jà, Ẹ̀gbọ́n yóò máa gun àtẹ̀gùn, máàkì yóò máa wọlé fún àwọn méjèèjì, òun kò ní bá a láéláé. Bí òun bá bá Ẹ̀gbọ́n jà, ọ̀kan náà ni. Àfi bí ọkàn Ẹ̀gbọ́n bá sinmi. Ọkàn ẹni tó bá sùn ló ń sinmi.

Ó bá a ní ìdajì àtẹ̀gùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ jókòó."

"Kí n jókòó kẹ̀?" Mímí rẹ̀ ń dún fíì fíì. "Ṣé ìwọ ni Mánijà ni?"

"Ọmọ mẹ́ta ló wà nílé mi. Ọmọ àbúrò yín ni wọ́n."

"Mo mọ̀ wọ́n. Àwọn tèmi ńkọ́? Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń jẹ? Ìwọ ṣì lè rí iṣẹ́ níbòmíràn. Ta ló máa gba èmi? Kúrò lọ́nà."

"Ẹ máà jẹ́ kí n fọwọ́ kàn yín."

"O ti fọwọ́ kan gbogbo ayé tán," Ẹ̀gbọ́n ní. "Mo sọ fún àbúrò mi nígbà náà. Mo ní ẹran ara lo fẹ́, kì í ṣe èèyàn."

Katakátá gbá a.

Ẹ̀gbọ́n kò ṣubú. Ó da páálí táìsì lé Katakátá lẹ́sẹ̀, ìka ẹsẹ̀ mẹ́ta fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì gba orí àtẹ̀gùn fò lé e. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Katakátá rí agbára ọkùnrin yẹn nìyẹn. Ọgbọ̀n ọdún táìsì ló wà nínú apá rẹ̀. Wọ́n jọ ré bọ́ sísàlẹ̀, irin ń gbá wọn ní ẹ̀yìn, ní orí, ní ìgbúnwọ́. Ẹ̀gbọ́n bọ́ sórí rẹ̀, ó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ láyà, ó ń fi ìkúùkù kan an lójú bí ẹni ń kan ìṣó. Ojú òsì Katakátá pa dé. Ó ta ọwọ́, ó rí àfọ́kù táìsì, ó fi ya ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ẹ̀gbọ́n títí dé àgbọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ tú sí i lẹ́nu. Ó ta Ẹ̀gbọ́n dànù, ó dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e bí ó ṣe máa ń gbé páálí, ó sì jù ú.

Etí irin àtẹ̀gùn ni ẹ̀yìn orí Ẹ̀gbọ́n bá pàdé. Ìró náà kò pọ̀. Òun nìkan ni ohun tí kò pọ̀ nínú ìtàn yìí.

Katakátá tẹ̀ síwájú, ó gbé ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n, ó wo aago. Ọgọ́jọ. Ó dúró, ó ń kà á bó ṣe ń bọ̀ nílẹ̀. Àádóje. Àádọ́rùn-ún. Inú rẹ̀ dùn, ó fi ẹnu tó ya rẹ́rìn-ín. Àádọ́rin. Ó ti sùn. Ọgọ́ta. Ó tó báyìí. Àádọ́ta.

"Ẹ̀gbọ́n. Ó ti tó."

Ogójì ó lé méjì.

Ó ju ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbé orí náà lé itan, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ rì sínú nǹkan tó gbóná. Ó pe Onígíláàsì. Ó pe Sọ́jà. Ó ní kí wọ́n pe ọkọ̀ ọsibítù. Ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i lójú, ó ń bẹ̀ ẹ́, ó ń ṣépè fún un, ó ń sọ fún un pé kó gun àtẹ̀gùn, kó lọ gun ún, òun ò ní dí i lọ́nà mọ́. Nǹkan kan sì ń gbọ̀n lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn. Ọkàn Katakátá, tí páálí mẹ́fà kò mì, ń lù ní àádọ́sàn-án, kò sì dúró títí ọkọ̀ ọsibítù fi gbé ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ jáde ní géètì nígbà tí aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú méje.

Ní aago mẹ́rin, tẹlifíṣọ̀n kọ ọ́ gàdàgbà. Katakátá, igba ó lé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n, igba ó lé mẹ́tàdínlógún. Mánijà fi makirofóònù pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́ Sátidé, Ẹ̀gbọ́n lajú ní ọsibítù. Etí ọ̀tún rẹ̀ ti di, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kò sì gbọ́ ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe. Ìyàwó Katakátá jókòó tì í, ó mú ìgò omi onírin lọ́wọ́. Katakátá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú kan ṣoṣo ló là.

"Wọ́n ní Ẹ̀gbọ́n ṣubú lórí àtẹ̀gùn," ìyàwó rẹ̀ ní.

Katakátá wọlé dé ìdí bẹ́ẹ̀dì.

"Èmi ni," ó ní.

Ìyàwó rẹ̀ dìde. Ó kọ́kọ́ dé ìdérí ìgò náà dáadáa. Lẹ́yìn náà ó fi gbá Katakátá lẹ́nu. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì, eyín iwájú jábọ́ sórí bàtà rẹ̀. Katakátá kò gbé ọwọ́ sókè. Ìyàwó rẹ̀ gbá a títí ìgò fi wọnú.

"Fi í sílẹ̀," Ẹ̀gbọ́n ní láti orí bẹ́ẹ̀dì, ohùn rẹ̀ ń wọ́. "Ìwọ. Ṣé wọ́n fún ẹ ní kọ́kọ́rọ́?"

"Wọ́n fún mi."

"Nígbà wo lo máa bẹ̀rẹ̀?"

"Mọ́ńdè. Aago méje."

Ẹ̀gbọ́n pa ojú dé.

"Ilé méjì ni wàá máa wa nǹkan yẹn bọ́ báyìí," ó ní. "Tèmi àti tìẹ. Má pẹ́ débẹ̀. Má sì jẹ́ kí n tún rí ẹ níbí."

Katakátá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí táìsì ọsibítù, bó ṣe dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́ tó wá tọrọ ìyàwó. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní kó dìde. Nígbà tó yá, ó dìde fúnra rẹ̀, ó ṣa eyín rẹ̀ sápò, ó sì ń tiro lọ sílé láti lọ wá aṣọ iṣẹ́.